Èènì Tí Mo Fún Gbogbo Àdúgbò

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, mi ò gbọ́ ọ lórí rédíò, kì í sì í ṣe àlá. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá sí àdúgbò wa ní Ìgàndò, kó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, kó dúró lórí koríko tó wà lẹ́nu géètì, kó sì máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Tó bá ka ogún láìfò sókè, kó wá bá mi, mo máa dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Kíláàsì mẹ́ta ni, ti Faransé sì ni, nílé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí, Èkó ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, láti ara Bíbélì àti páálí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi kà, ọ̀pọ̀ ẹni tó lọ sí yunifásítì kò kà á. Tí mo bá wo ewé kan báyìí, mo máa sọ fún ọ bóyá omi ló pọ̀ jù fún un tàbí ọ̀dá ló ń dá a. Nítorí náà, tí mo bá ní mo rí nǹkan, mo rí i ni.

Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí mo ti wà nídàálẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nígbà tí mo dé Ìkòtún kì í ṣe ariwo, kì í ṣe èrò. Géètì ni. Nílé wa, ilé ní ilẹ̀kùn kan, ilẹ̀kùn náà sì máa ń ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀. Níbí, géètì ni o máa kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn géètì ilẹ̀kùn onírin, lẹ́yìn ilẹ̀kùn onírin òmíràn tó ní àgádágodo. Ẹni tó wà nínú ilé á yọjú láti ihò kékeré, á ní, "Ta nìyẹn?" bí ẹni pé ọwọ́ rẹ ti wà lára ohun ìní òun. Mo rẹ́rìn-ín wọn. Mo ní kí ni àwọn èèyàn yìí ń sá fún? Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, èmi náà ti ní àgádágodo méjì. Ìfura, Èkó ló kọ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n ju àwọn tó kọ́ mi lọ.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Mo ti rò pé mo ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni. Mo kí obìnrin kan tó ń ta omi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ìwọ, ṣé Kútọnu ni ọ́?"

"Ará Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí. Yorùbá bíi tiyín ni."

"Yorùbá wo ló ń fa ọ̀rọ̀ báyìí? Kútọnu ni ọ́, jàre!"

Ó sì lẹ̀ mọ́ mi. Nílẹ̀ wa, Nàgó ni àwọn ará etí òkun ń pè wá, torí pé Yorùbá ni wá. Mo wá dé ọ̀dọ̀ Yorùbá, wọ́n ní Kútọnu ni mí. Mo bi ara mi pé ibo gan-an ni wọ́n ti mọ̀ mí? Mo lọ ṣiṣẹ́.

Mo ti bárò yanrìn, mo gé koríko fún àwọn èèyàn ní Ẹgbẹ́dá, kó tó di pé mo bọ́ sídìí òdòdó. Níbẹ̀ ni àwọn ará Èkó ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Láti Ìkòtún títí dé Ìpájà, kò sí ẹni tó lè mú kí òdòdó yọ bíi tèmi. Igi tí ẹlòmíràn ti jù sórí ààtàn, mo máa gbé e, láàárín oṣù méjì á máa rúwé. Ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa, lẹ́bàá gọ́tà, ààtàn ni tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo kó o kúrò, èmi ni mo da ilẹ̀dú sí i, tí mo to òdòdó sínú náílọ̀n dúdú lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nígbà tí àwọn onílé rí bó ṣe dára, wọ́n ní kí n máa lò ó lọ. Wọn ò pè mí ní Kútọnu mọ́. Bàbá Fúláwà ni wọ́n ń pè mí. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn, mi ò ní purọ́.

Ohun tó gbé mi ga ju àwọn onífúláwà yòókù lọ ni èènì. Lọ́dọ̀ tiwọn, o ra òdòdó kan, o gbé kan lọ, ó tán. Lọ́dọ̀ mi, mo máa fi kékeré kan lé e, nínú náílọ̀n tirẹ̀. Màmá mi ló kọ́ mi. Gààrí ni wọ́n ń tà, tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n tán, ọwọ́ wọn á tún padà sínú igbá láti bù sí i. Mo rò pé ẹni tó bá gba èènì lọ́wọ́ rẹ kò lè tún sọ pé òun kò mọ̀ ọ́.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe màmá mi. Àwọn ìyá ẹlòmíràn á bèèrè bóyá ọmọ wọn ti jẹun. Tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

"Ṣé wọ́n ti mọ̀ ọ́ níbẹ̀?"

"Wọ́n mọ̀ mí bí ẹni mowó, Màmá."

"Ó dáa. Èmi náà ń bọ̀ nígbà náà."

Bàbá mi ti kú. Àbúrò mi obìnrin bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Paraku. Màmá nìkan ló kù sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Ìyàwó tí mo fẹ́ níbí ti kó lọ ní ọdún kẹrin, ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo bá onílé mi sọ̀rọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Àlájà ni gbogbo wa ń pè wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé. Wọ́n ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, òun máa fún mi fún màmá mi, kí òjò dáwọ́ dúró ná kí òun tún un kùn.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé màmá mi ń bọ̀ kí wọ́n tó dé. Ìgbà yẹn náà ni mo lọ ra ọ̀pẹ òyìnbó mẹ́fà ní ọgbà ńlá kan lápá wọ́ọ̀fù, níbi tí wọ́n ti ń já òdòdó láti inú kọ̀ńténà. Àwọn ọ̀pẹ náà dé láti òkè òkun tàwọn ti iyẹ̀pẹ̀ tó wà nídìí wọn. Mo wò wọ́n, mo rí àwọn òdòdó kéékèèké olójú pupa tó hù mọ́ wọn nídìí. Ẹni tó ni ọgbà kò tiẹ̀ kà wọ́n sí. Èmi ni mo rí i! Mo gbé wọn délé, mo pín àwọn òdòdó náà sínú náílọ̀n kéékèèké, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ wọn, kí gbòǹgbò má bàa mọ̀ pé òun ti kúrò níbi tó wà. Mo gbé e láti ilé dé ilé, ẹni tó ra nǹkan àti ẹni tí kò rà. Mo ní, "Òdòdó òkè òkun rèé. Èènì ni. Màmá mi ń bọ̀." Ilé kan wà lápá òdìkejì tí ẹni tó ni ín kò tíì kó wọ̀ ọ́, mo gbé tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Ilé kan ṣoṣo ni mo fò. Ti Rẹ́wáyà. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe, ẹgbẹ́ mi ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa pé jọ, tí àwọn yòókù ń pè mí ní Bàbá Fúláwà, ó ní, "Bàbá ta ni? Kútọnu yìí náà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò gbàgbé.

*

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn tí mo gbọ́ igbe Àlájà láàárọ̀.

"Bàbá Fúláwà! Wá wo nǹkan o! Wá bá mi wo nǹkan!"

Adìẹ wọn kan ti sàba lé ẹyin mẹ́tàlá, ọjọ́ yẹn ló yẹ kó pa wọ́n. Àwọn ọmọ ti dá ẹyin lu lóòótọ́. Mo rí ihò kéékèèké tí ẹnu wọn ti yọ. Ṣùgbọ́n èèrà ti kún gbogbo ihò náà, pupa, wọ́n há mọ́ ara wọn, wọ́n ń wọlé wọ́n ń jáde. Kò sí ìkankan tó ké nínú àwọn ọmọ náà. Ìyá wọn dúró lókèèrè, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń sọ èkejì kalẹ̀.

Mo mọ èèrà dáadáa. Mo mọ ìjàlọ: wọ́n á tò wọ ilé rẹ, wọ́n á jẹ aáyán àti eku, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Mo mọ tánpẹ́pẹ́. Mo mọ ìkamùdù tó ń rùn. Èyí kò jọ ọ̀kankan nínú wọn. Ó kéré, kò yára. Á rọra máa gun ẹsẹ̀ rẹ, o ò ní mọ̀, títí wọ́n á fi pọ̀ dáadáa, gbogbo wọn á wá ta ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ẹnì kan fọn fèrè fún wọn. Lọ́jọ́ kejì ojú ibẹ̀ á yọ omi funfun. Abẹ́rẹ́ ni àdúgbò wá sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ kì í kọjá lọ bí ìjàlọ. Ó ń jókòó ni.

Àlájà fi ọwọ́ lérí. "Ta ni mo ṣẹ̀? Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kọ́ ilé yìí, mi ò rí irú èyí. Wọ́n rán an ni!"

"Àlájà, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ojú tí mo ní yìí, ẹni tó rán an kò lè sá fún un."

Bí mo ṣe sọ nìyẹn. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí èèrà náà fi dé ọ̀dọ̀ Tíṣà. Ará Èkìtì ni Tíṣà, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ni alága àdúgbò wa. Iná ilé wọn ń ṣẹ́jú, wọ́n ṣí àpótí mítà, èèrà ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó dé ilé tó tẹ̀ lé e. Ajá kan fọ́jú kan. Àwọn ọmọdé kò lè jókòó sílẹ̀ ṣeré mọ́. A da kẹrosíìnì sí i, a da òtapíápíá sí i, ó kú níbí, ó yọ lọ́hùn-ún.

Ìfura tó wọ àdúgbò nígbà náà ta ju èèrà lọ. Ẹni tó máa ń yá ọmọ odó lọ́wọ́ ẹnì kejì kò yá a mọ́. Tí èèyàn bá gbé náílọ̀n kọjá, gbogbo ojú á wà lára náílọ̀n náà. Mo gbé àga sẹ́yìn kọ́tìnì mi, mo ń ṣọ́ wọn lọ́sàn-án gangan. Mo fura sí ọkùnrin tó ń fi ọmọlanke kó ìdọ̀tí. Mo fura sí ẹni tó ń kó omi wá. Mo fura sí Tíṣà pàápàá, torí pé wọ́n kì í bínú. Mo ní ẹni tí kì í bínú ń pa nǹkan mọ́ ni.

Àwọn náà ń fura sí mi. Mo gbọ́ ọ fúnra mi nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin méjì kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ògiri.

"Ará Kútọnu mọ nǹkan o. Wọ́n lè rán oyin, wọ́n lè rán èèrà."

"Bàbá Fúláwà kọ́?"

"Fúláwà kọ́, fúláwà ni. Ta ló mọ ilé bàbá ẹ̀?"

Ọdún mẹ́rìnlá! Mo ti sọ ààtàn wọn di ọgbà, wọ́n ṣì ń bèèrè ilé bàbá mi. Ara mi gbóná. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kàn fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é mọ́. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ẹlòmíràn, kíákíá, kí gbogbo wọn sì rí i.

*

Ìyàwó Tíṣà ni Màámi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó olójú pupa tí mo fún wọn, wọ́n ń já ewé ẹ̀fọ́. Wọn ò mọ ìgbà tí èèrà gun ẹsẹ̀ wọn méjèèjì. Nígbà tí mo débẹ̀, ètè wọn ti wú, ojú wọn ti dí, èémí wọn ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń fa omi tó ti tán nínú ike. Tíṣà dúró, wọ́n mú bàtà wọn kan dání, wọn ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Èmi ni mo pọn Màámi. Mo pọ̀n wọ́n sáré dé títì ńlá, mo dá kẹ̀kẹ́ dúró pẹ̀lú àyà mi.

Wọn kò kú. Dókítà gún wọn lábẹ́rẹ́, ó tún fa omi sí wọn lára. Ṣùgbọ́n ó sọ fún Tíṣà pé tí ó bá tún ta wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọmọ wọn obìnrin wá láti Ìpájà, ó kó ẹrù ìyá rẹ̀ sínú báàgì méjì, ó mú wọn lọ. Ilé ọmọ náà kò gba Tíṣà mọ́ ọn. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì títí kẹ̀kẹ́ fi yà.

Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́rìnlélógójì. A ò sùn ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí."

Mo ní, "Tíṣà, mo máa mú ẹni náà wá."

Mo ti mọ ẹni tó jẹ́. Èmi ni mo ronú kàn án, mo sì gbé ìrònú náà lọ sí mítìnì. Mo dìde, mo ní, "Ẹ má wo ilé tí èèrà wà. Ẹ wo ilé tí kò sí." Gbogbo orí yí sí ọ̀nà ilé Rẹ́wáyà. Ní gbogbo àdúgbò, ilé tirẹ̀ nìkan ni èèrà kò dé. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ariwo kò jẹ́.

Tíṣà fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ. Bàbá Fúláwà, ó di Sátidé. Lọ yẹ gbogbo ilé wò, mú ẹ̀rí wá. Tó bá rí bí o ṣe sọ, a máa ní kí onílé rẹ̀ lé e."

Mo pe Màmá lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo ń fọ́nnu. "Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, Màmá. Èmi ni wọ́n ní kí n wá ẹni tó ṣe é."

"Ìwọ? Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ńkọ́?"

"Wọn ò ní irú ojú tí mo ní."

"Ìyẹn ni pé wọ́n ti wá mọ̀ ọ́."

"Pátápátá."

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń yẹ ilé wò. Mo wo abẹ́ ìkòkò, mo wo ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo wo orí òrùlé. Ilé kẹtàlá nínú mẹ́rìnlá tí mo wò ni ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Èèrà wà níbẹ̀, ó ti ṣe ilé sẹ́nu ọ̀nà, rẹpẹtẹ. Ó yẹ kí n ti dúró níbẹ̀ kí n ronú. Ta ni á rán èèrà sí ilé tí kò sí èèyàn? Mi ò dúró. Ilé Rẹ́wáyà ló kù, ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Ọjọ́bọ̀ ni mo débẹ̀. Ó ń wé wáyà kọ́pà mọ́ inú mọ́tò fáànù kan. Kò dìde.

"Ọlọ́pàá Kútọnu. Wọlé. Wo ibi tó bá wù ọ́. O rí i pé mi ò ní géètì."

Mo wo gbogbo rẹ̀. Sìmẹ́ńtì lásán ni iwájú ilé rẹ̀, ó mọ́ fínnífínní. Mi ò rí èèrà kan. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò gbin nǹkan kan?"

Ó sọ wáyà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló máa fún mi gbìn? Gbogbo ilé lo gbé fúláwà rẹ dé. O gbé e dé ilé tí kò sí èèyàn níbẹ̀, aláǹgbá lo fún! O dé ẹnu ọ̀nà tèmi, o yí ọrùn padà. Ìyàwó mi ti nu ọwọ́ méjèèjì tán láti gbà á. Ó bi mí pé kí ni mo ṣe fún ọ. Mo ní mo pè ọ́ ní Kútọnu. Ó ní ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Mo ní bóyá ó dùn ọ́ ju bí mo ṣe rò lọ."

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Mo jáde, mo ń wo àwọn ilé náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ojú títì. Àlájà: òdòdó mi, èèrà. Tíṣà: òdòdó mi, èèrà. Ilé òfìfo: òdòdó mi, èèrà. Rẹ́wáyà: kò sí òdòdó, kò sí èèrà.

Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà Tíṣà. Wọn ò sí nílé, wọ́n ti lọ wo ìyàwó wọn. Mo mú náílọ̀n náà létí, mo gbé e sókè. Ẹyin èèrà ló wà lábẹ́ rẹ̀, funfun, bí ìrẹsì tí wọ́n gún. Wọ́n ta mí lọ́wọ́ méjèèjì, mi ò tètè jù ú sílẹ̀. Mo sáré lọ sí ọgbà, mo yí ọ̀pẹ òyìnbó kan sí ẹ̀gbẹ́. Èèrà tú jáde nídìí rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ń hó.

Mo jókòó sórí òkúta lẹ́bàá gọ́tà títí oòrùn fi ń lọ. Mi ò ní pa á mọ́ fún ẹni tó ń ka èyí: mo ro ó wò pé kí n dákẹ́. Ó rọrùn. Màá ní òdòdó wọ̀nyẹn ń fẹ́ náílọ̀n tuntun, màá kó gbogbo rẹ̀ sọnù. Wọ́n á lé Rẹ́wáyà. Àlájà á kun yàrá. Màmá á dé, wọ́n á sọ pé ìyá Bàbá Fúláwà rèé, ìyá ẹni tó bá wa wá ọ̀tá wa rí. Ohun gbogbo tí mo torí rẹ̀ wá sí ìdálẹ̀, ó wà níwájú mi, kí n ṣáà ti pa ẹnu mọ́.

*

Lọ́jọ́ Sátidé, àgbàlá Tíṣà ni a jókòó sí. Ẹsẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo mílíìkì tí a bu kẹrosíìnì sí, kí èèrà má bàa gùn ún. Rẹ́wáyà jókòó lápá ọ̀tọ̀, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọmọ pọ̀n. Onílé wọn náà ti dé.

Àlájà kò jẹ́ kí a tiẹ̀ gbàdúrà tán. "Bàbá Fúláwà, sọ ọ́. Ìwọ lo ní ojú."

Mo dìde. Mo wo Rẹ́wáyà. Ó wò mí padà, kò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbólóhùn tó fẹ́ jáde lẹ́nu mi ni pé mo rí èèrà nílé rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n ojú mi kò rí i. Mo lè ṣi ìwé kà, mo lè ṣi obìnrin fẹ́. Ojú mi, n kò tíì fi purọ́ rí. Òun nìkan ni mo gbé wá láti ilé tí ẹnikẹ́ni níbí kò lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀.

Mo ní, "Kì í ṣe òun. Èmi ni. Inú òdòdó èènì tí mo fún yín ni ó wà. Mi ò mọ̀ nígbà náà. Ilé tí mo fún ló dé. Ilé tí mi ò fún, kò dé ibẹ̀."

Mo mú náílọ̀n kan tí mo ti fi rọ́bà yí dáadáa jáde, mo tú u sínú abọ́ omi níwájú wọn. Èèrà léfòó, wọ́n so mọ́ ara wọn, wọn ò tilẹ̀ rì. Ìyá kan kígbe.

"Ìwọ lo pa adìẹ mi," ni Àlájà wí. Wọn ò pariwo. "Tí mo sì ń bomi rin ín fún ọ láràárọ̀. Kútọnu, ìwọ lo gbé e wá."

Mo gbọ́ orúkọ náà. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Nígbà tó yá, Tíṣà ní, "Ìyàwó mi ní òdòdó yẹn dára. Ó ní kí n má jẹ́ kí ó kú." Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n bú mi. Wọn ò bú mi.

Èmi nìkan ni mo ṣe iṣẹ́ tó kù. Mo gbé ìkòkò ńlá méjì kaná, mo ń gbé omi híhó láti ilé dé ilé, mo ń hú òdòdó, mo ń da omi sí ihò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo hú gbogbo ọgbà mi, mo dáná sun ún. Ọ̀pẹ òyìnbó, mo fi ọwọ́ ara mi gé wọn. Ẹnikẹ́ni kò jáde wá ràn mí lọ́wọ́, wọ́n ń wò mí láti ihò géètì. Ní ọjọ́ kẹrin, mo rí Rẹ́wáyà tó ń bọ̀, ó gbé kẹ́tùlù lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé kẹ́tùlù lọ́wọ́ òsì.

Ó ní, "Kútọnu, mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Fún kí ni?"

"Fún èènì tí o kò fún mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. A jọ da omi náà, ó ń bú mi, èmi náà ń bú u.

Èèrà ti dín kù lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé. Ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ògiri ọ̀pọ̀ ilé, mo sì gbọ́ pé wọ́n ti rí i lẹ́yìn gọ́tà, lápá ibi tí n kò gbé òdòdó dé rí. Òun náà wá sí ìdálẹ̀. Kò bẹ ẹnikẹ́ni kó mọ òun, ó kàn jókòó ni.

Àlájà kò lé mi. Wọ́n ní, "Dúró sí yàrá rẹ. Èkejì yẹn, mo ti fún ẹlòmíì." Mo ní ẹ ṣé, mà.

Mo pe Màmá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mi ò fọ́nnu. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n tún bèèrè ohun tí wọ́n máa ń bèèrè.

"Ṣé wọ́n ti mọ̀ ọ́ níbẹ̀ ṣá?"

Mo ní, "Wọ́n ti mọ̀ mí báyìí, Màmá."

Ohun tó lọ nìyí, bí mo ṣe kà á. Ọmọ adìẹ Àlájà, mẹ́tàlá ní àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Ojú ajá kan. Mítà mẹ́ta. Òdòdó igba ó lé mẹ́rìndínlógún, àti ọ̀pẹ mẹ́fà. Ọgbà kan lẹ́bàá gọ́tà; wọ́n ti ń da ìdọ̀tí sí i padà. Ìyàwó Tíṣà wà ní Ìpájà, Tíṣà wà ní Ìgàndò. Yàrá kan tí wọn kò kùn. Ìrìnàjò màmá mi, ẹyọ kan. Orúkọ kan.